Ṣé gómìnà wà lábẹ́ ààrẹ ni? Ẹ bá mi tú ọ̀rọ̀ ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Ìyá Tómi:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi. Mo ti fi fọ́ọ̀mù ọmọ orílẹ̀-èdè sílẹ̀, mò ń retí kí wọ́n pè mí fún ìntáfíù, àwọn ìbéèrè yẹn ni mò ń kà láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, òun náà ni mò ń kà tí mo bá dé. Èyí tó ní ẹ̀ka ìjọba mẹ́ta ló wà ti yé mi. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ń ṣòfin, ààrẹ ń mú òfin ṣẹ, kóòtù ń sọ ohun tí òfin wí. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dà rú mọ́ mi lójú ni pé ọ̀rẹ́ mi kan tó ti di ọmọ ilẹ̀ yìí fi ìwé ìbò tiẹ̀ hàn mí, níbí ní Houston, mo wò ó wò ó kò tán. Gómìnà wà níbẹ̀, igbákejì gómìnà dá wà lọ́tọ̀, attorney general wà níbẹ̀, ẹni tó ń mójú tó ilẹ̀ ìjọba, ẹni tó ń mójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹnì kan tún wà tí wọ́n kọ railroad sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan àwọn adájọ́, adájọ́ lókè adájọ́ nísàlẹ̀, wọ́n pọ̀ débi pé mo dẹ́kun kíkà. Èmi sì rò pé ààrẹ ló ń yan adájọ́, kì í ṣe ohun tí mo kà nìyẹn ni?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi là á. Ṣé gómìnà wà lábẹ́ ààrẹ ni, bí ìgbà tí máníjà bá wà lábẹ́ ọ̀gá àgbà? Kí ló dé tí wọ́n fi ń dìbò yan àwọn adájọ́ kan tí wọn ò sì dìbò yan àwọn míì? Àti pé tí kóòtù Texas bá ti dájọ́ tán, ṣé kóòtù Washington kàn lè da á nù nígbà tó bá wù ú ni? Mi ò kàn fẹ́ há a sórí, mo fẹ́ kó yé mi, torí lẹ́yìn ìbúra èmi náà máa dìbò.

Atúmọ̀_Kóòtù:

Ẹ kú ìmúra mà, Ọlọ́run á jẹ́ kó yọrí sí rere. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe ní kóòtù, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, kóòtù ìpínlẹ̀ ni mo máa ń wà jù, ìgbà míì wọ́n á pè mí lọ sí ti fẹ́dírà, ìyẹn ti ìjọba àpapọ̀, torí náà ojú mi ni gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń bèèrè yìí ń ṣẹlẹ̀ sí.

Ẹ kọ́kọ́ yọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá àti máníjà yẹn kúrò lọ́kàn. Ààrẹ ò yan gómìnà, kò lè lé e, kì í san owó oṣù ẹ̀. Ìpínlẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ bí báńkì ṣe ń ní ẹ̀ka sí àdúgbò. Àwọn ìpínlẹ̀ ló kọ́kọ́ délé ayé. Nígbà tí àwọn aṣojú jókòó sí Philadelphia lọ́dún 1787 tí wọ́n kọ kọnsitítúṣọ̀n tí à ń lò yìí, Massachusetts ti ní tiẹ̀ láti 1780, John Adams ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Àwọn ìpínlẹ̀ yẹn ló bu nínú agbára ọwọ́ wọn fún ìjọba àpapọ̀, títẹ owó, kíkéde ogun, àdéhùn pẹ̀lú orílẹ̀-èdè míì, ọ̀rọ̀ ẹni tó máa di ọmọ ilẹ̀. Èyí tí wọn ò fún un, ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀ àti àwọn aráàlú ló ṣì wà, àtúnṣe kẹwàá, ti 1791, ló kọ ọ́ sílẹ̀ kó má baà sí àríyànjiyàn. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń gba láísẹ́ńsì awakọ̀ lọ́wọ́ Texas tẹ́ ẹ sì ń gba pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ Washington, tí ẹ̀ ń forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀ ní káńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè sì jẹ́ ti fẹ́dírà.

Nítorí náà ẹ̀ka mẹ́ta wà ní Washington, ẹ̀ka mẹ́ta tún wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lọ́nà àádọ́ta. Wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wọ inú ẹ̀ wọn ò jọra.

Ẹ wo ẹ̀ka aláṣẹ. Ní Washington, ọwọ́ ẹnì kan ni agbára aláṣẹ wà, ìyẹn ààrẹ. Òun àti igbákejì ẹ̀ nìkan ni wọ́n ń dìbò yàn, wọ́n sì jọ ń du ipò pọ̀ ni. Attorney general àti gbogbo àwọn tí wọ́n ń pè ní secretary yẹn, bíi mínísítà lọ́dọ̀ wa, ààrẹ ló ń mú orúkọ wọn wá, ilé aṣòfin àgbà á fọwọ́ sí i, tó bá sì wá sú ààrẹ ó lè ní kí ẹni náà máa lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Texas ò ṣe é bẹ́ẹ̀ rárá. Attorney general Texas, aráàlú ló dìbò yàn án, gómìnà ò lè lé e. Comptroller tó ń gba owó orí tó sì ń ṣírò owó ìpínlẹ̀, aráàlú ló yàn án. Ti ilẹ̀, ti àgbẹ̀, bákan náà. Ẹni tẹ́ ẹ rí railroad lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ yẹn, mẹ́ta ni wọ́n, ọdún mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń lò, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin ò sì sí lọ́wọ́ wọn mọ́ láti 2005, epo rọ̀bì, gáàsì àti páìpù ni iṣẹ́ wọn. Orúkọ àtijọ́ ló kàn dúró. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú kéré ipò yẹn lórí ìwé ìbò, ní Texas tí epo pọ̀ sí yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò ó kọjá nítorí orúkọ tó ń jẹ́, ó sì máa ń dùn mí.

Igbákejì gómìnà náà, ẹ má fi wé igbákejì ààrẹ. Igbákejì ààrẹ jẹ́ alága ilé aṣòfin àgbà lóòótọ́, àmọ́ kì í dìbò àfi tí ìbò bá dọ́gba. Ti Texas, òun ló ń darí Sẹ́nétì ìpínlẹ̀ gan-an, òun ló ń yan àwọn ìgbìmọ̀ àtàwọn alága wọn, àbádòfin tí kò bá fẹ́ kì í sábà rí ọ̀nà kọjá. Àwọn kan tiẹ̀ sọ pé agbára ẹ̀ ju ti gómìnà lọ tó bá di ọ̀rọ̀ òfin ṣíṣe, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Kí ló fà á? Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, gómìnà Texas kan wà tó ń jẹ́ Edmund J. Davis, agbára pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ gan-an, ó ní ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, ó ń yan adájọ́, inú ọ̀pọ̀ àwọn tó lágbára nígbà yẹn ò dùn sí i. Nígbà tí wọ́n gba ìjọba padà wọ́n kọ kọnsitítúṣọ̀n tuntun, ti 1876, wọ́n fọ́n agbára gómìnà ká sọ́wọ́ èèyàn púpọ̀. Òun náà la ṣì ń lò. Wọ́n ti tún un ṣe ju ìgbà 500 lọ, nígbà tó jẹ́ pé ti àpapọ̀, àtúnṣe 27 péré ló tíì ní.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí gómìnà Texas lè ṣe tí ààrẹ ò lè ṣe. Tí wọ́n bá gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì síwájú ẹ̀, ó lè fa ìlà sórí owó kan ṣoṣo tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn kó sì buwọ́ lu ìyókù. Ààrẹ gbọ́dọ̀ gba gbogbo ẹ̀ tàbí kó kọ gbogbo ẹ̀. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fún ààrẹ ní irú agbára yẹn lọ́dún 1996, Clinton tó jẹ́ ààrẹ nígbà yẹn lò ó, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ sì wọ́gi lé e ní 1998, wọ́n ní kò bá kọnsitítúṣọ̀n mu. Gómìnà ìpínlẹ̀ tó ní in ju ogójì lọ.

Mo máa padà wá lórí ti adájọ́, wọ́n ń pè mí wọlé.

Ọmọ_Omaha:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ dáadáa. Díẹ̀ ni tèmi, kí ẹnikẹ́ni má lọ rò pé gbogbo ìpínlẹ̀ ló rí bíi Texas. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíì ni. Níbi tí mò ń gbé ní Nebraska, ilé aṣòfin kan ṣoṣo la ní, kò sí ti àgbà kò sí ti kékeré. Wọ́n dìbò lé e lórí ní 1934, George Norris, sẹ́nétọ̀ Nebraska ní Washington nígbà yẹn, ló polongo ẹ̀ káàkiri, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó bẹ́ẹ̀ ní 1937. Mọ́kàndínláàádọ́ta ni wọ́n, sẹ́nétọ̀ ni gbogbo wọn ń jẹ́, wọn kì í kọ orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú síwájú orúkọ wọn lórí ìwé ìbò. Ìpínlẹ̀ mọ́kàndínláàádọ́ta tó kù ló ní ilé méjì bíi Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì.

Ẹ tún lọ wo New Hampshire, ìpínlẹ̀ kékeré, ilé aṣojú wọn ní ènìyàn 400, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tó ní 435 fún gbogbo Amẹ́ríkà, ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ́dún sì ni owó iṣẹ́ wọn. Gómìnà wọn náà, ọdún méjì méjì ni, òun àti ti Vermont nìkan ló ṣẹ́ kù bẹ́ẹ̀.

Kẹ́mi_Cali:

Àǹtí mi, mo fẹ́ fi kún ti ilé aṣòfin, torí òun ló yà mí lẹ́nu jù nígbà tí èmi náà ń kàwé fún ìdánwò yẹn.

Texas yín yẹn, ọdún méjì méjì ni ilé aṣòfin wọn ń jókòó, ọdún tí nọ́ńbà ẹ̀ kò ṣe é pín sí méjì dọ́gba, bíi 2023, 2025, ọjọ́ 140 péré, tí wọ́n bá parí oníkálukú á padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì bá dé láàrin, gómìnà nìkan ló lè pè wọ́n, ọgbọ̀n ọjọ́ nígbà kan, ohun tí gómìnà bá kọ sílẹ̀ nìkan ni wọ́n sì lè ṣòfin lé lórí. $7,200 lọ́dún ni owó iṣẹ́ wọn, yàtọ̀ sí owó oúnjẹ àti ilé tí wọ́n ń gbà ní ọjọ́ ìjókòó. Ẹni tó wà ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ń gba $174,000, ọdọọdún ni wọ́n sì ń jókòó. Ẹ wá rò ó wò, irú èèyàn wo ló lè fi iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù márùn-ún kó lọ jókòó sí Austin, olú ìlú Texas, fún owó yẹn? Ẹni tó lówó tẹ́lẹ̀ ni, tàbí ẹni tó ní iléeṣẹ́ tara ẹ̀. Èmi ò rò pé ó dáa, níbí ní California owó oṣù gidi ni wọ́n ń san fún wọn, iṣẹ́ yẹn nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe.

Nǹkan kejì: sẹ́nétọ̀ Washington àti sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Ní Washington ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní méjì, California tó ní èèyàn bíi mílíọ̀nù 39 ní méjì, Wyoming tí ò tó 600,000 náà ní méjì. Ìlànà yẹn wà nínú kọnsitítúṣọ̀n, kò sẹ́ni tó lè yí i padà wẹ́rẹ́. Láyé àtijọ́ àwọn ìpínlẹ̀ náà ń ṣe irú ẹ̀ nínú Sẹ́nétì tiwọn, káńtì ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo iye èèyàn, débi pé Los Angeles County tó ní èèyàn bíi mílíọ̀nù mẹ́fà ní nǹkan bí 1960 ní sẹ́nétọ̀ kan ṣoṣo nínú ogójì, àwọn káńtì orí òkè tí gbogbo èèyàn wọn ò tó ẹgbàá mẹ́jọ náà sì ní ẹyọ kan. Mílíọ̀nù mẹ́fà, ẹnì kan! Ní 1964, nínú ẹjọ́ Reynolds v. Sims tó wá láti Alabama, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ mọ́, pé iye èèyàn ni kí wọ́n máa fi pín in nínú ilé méjèèjì ìpínlẹ̀. Earl Warren, olórí adájọ́ ibẹ̀, ló kọ ìdájọ́ yẹn. Òun kan náà ti ṣe gómìnà California rí, nígbà yẹn ó fara mọ́ ètò àtijọ́ yẹn, nígbà tó di adájọ́ ni ojú tó fi ń wò ó yí padà. Inú mi máa ń dùn sí èèyàn tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Nǹkan tó kẹ́yìn, àwa níbí lè fi ìbò lé gómìnà kúrò kí sáà ẹ̀ tó pé. A lé Gray Davis ní 2003, Arnold Schwarzenegger gbapò. Wọ́n gbìyànjú ẹ̀ fún Gavin Newsom tó jẹ́ gómìnà ní 2021, kò bọ́ sí i. Kò sí irú ẹ̀ fún ààrẹ rárá, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì nìkan ló lè yọ ọ́.

Ìyá Tómi:

Ẹ ṣeun ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá yín ṣe tiyín. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Ti railroad yẹn, mo ti pe ọ̀rẹ́ mi, ó ní òun fò ó kọjá lóòótọ́! Ẹ jọ̀ọ́ ti adájọ́ ló kù, òun ló ń jẹ mí lọ́kàn jù, torí mo ní tíkẹ́ẹ̀tì ìrìnnà kan lọ́dún tó kọjá, mo lọ sí kóòtù, mo rí adájọ́ yẹn, mi ò sì mọ ẹni tó fi í síbẹ̀.

Atúmọ̀_Kóòtù:

Mo ti dé mà. Tíkẹ́ẹ̀tì ìrìnnà, kóòtù ìlú tàbí ti káńtì nìyẹn, kò kan fẹ́dírà. Ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀, olè jíjà, ìpànìyàn, gbèsè, onílé àti ayálégbé, ogún pínpín, ìyẹn ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú gbogbo ẹjọ́ ilẹ̀ yìí, kóòtù ìpínlẹ̀ ló ń gbọ́ ọ. Kóòtù fẹ́dírà ń gbọ́ ọ̀rọ̀ òfin àpapọ̀, gbèsè tó bá di bankruptcy, ẹjọ́ láàrin ará ìpínlẹ̀ kan àti ti òmíì tí owó inú ẹ̀ bá ju $75,000 lọ, irú wọn bẹ́ẹ̀.

Adájọ́ fẹ́dírà tí kọnsitítúṣọ̀n sọ̀rọ̀ ẹ̀, ààrẹ ló ń mú orúkọ ẹ̀ wá, Sẹ́nétì á fọwọ́ sí i, ó di tiẹ̀ títí ayé àyàfi tó bá ṣíwọ́ tàbí tí wọ́n bá yọ ọ́ nítorí ìwà ìbàjẹ́. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé kó lè dájọ́ láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Àwọn ìpínlẹ̀ ní tiwọn rò pé ẹni tó ń dájọ́ lórí aráàlú, ó yẹ kí aráàlú lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀. Texas ń dìbò yan wọn pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn, èyí tí mi ò fara mọ́, mo ti rí adájọ́ tó mọṣẹ́, tó ń fi sùúrù gbọ́ tẹnu èèyàn, tó lọ nítorí pé ìbò ẹgbẹ́ ẹ̀ kéré lọ́dún yẹn. Missouri gbé ètò míì kalẹ̀ ní 1940, ìgbìmọ̀ kan á dárúkọ èèyàn mẹ́ta, gómìnà á mú ẹnì kan, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ aráàlú á dìbò bóyá kó dúró tàbí kó lọ, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti wò wọ́n kọ́. Rhode Island ń fi adájọ́ gíga wọn sílẹ̀ títí ayé bíi ti fẹ́dírà. Massachusetts, títí tó fi máa pé àádọ́rin ọdún.

Ẹ kíyè sí orúkọ o. Texas ní ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ méjì, ọ̀kan fún ẹjọ́ ara ẹni sí ara ẹni, ọ̀kan fún ẹjọ́ ọ̀daràn, adájọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Ní New York, ibi tí wọ́n ń pè ní Supreme Court, ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, èyí tó ga jùlọ ń jẹ́ Court of Appeals.

Ìbéèrè yín pé ṣé Washington lè da ìdájọ́ Texas nù. Tí ọ̀rọ̀ bá kan kọnsitítúṣọ̀n àpapọ̀ tàbí òfin àpapọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Clarence Gideon, ẹlẹ́wọ̀n ní Florida, kò lówó lọ́yà, kóòtù ìpínlẹ̀ ò fún un ní ọ̀kan, ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ̀wé láti ọgbà ẹ̀wọ̀n, ní 1963 ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní gbogbo ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ pèsè lọ́yà fún ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn ńlá kàn tí ò lágbára. Gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó sáàrin ọmọ wa kan àti lọ́yà tí ìjọba gbà fún un, ọkùnrin yẹn ni mo máa ń rántí.

Àmọ́ tó bá jẹ́ òfin Texas nìkan ni ọ̀rọ̀ dá lé, ẹnu kóòtù Texas labẹ gé. Ẹ wo èyí. Ní San Antonio, àdúgbò ilé ìwé kan wà tó ń jẹ́ Edgewood, àwọn òṣìṣẹ́ tí ìdílé wọn wá láti Mẹ́síkò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Owó orí ilé àti ilẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń bọ́ ilé ìwé, ibi tí ilé ò bá ti níye lórí, ilé ìwé ò ní rówó. Àwọn òbí ibẹ̀, Demetrio Rodriguez ló ṣíwájú, gbé e lọ kóòtù fẹ́dírà, ó dé Washington, ní 1973 adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin ní wọn ò jàre, pé kọnsitítúṣọ̀n àpapọ̀ ò kọ ọ́ síbì kankan pé ẹ̀kọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́. Lójú ẹlòmíì ó ti parí. Kò parí o! Kọnsitítúṣọ̀n Texas, ti 1876 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kọ ọ́ pé ilé aṣòfin gbọ́dọ̀ ṣètò ilé ìwé ọ̀fẹ́ tó múná dóko. Edgewood gba kóòtù ìpínlẹ̀ lọ, ní 1989 gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ilé ẹjọ́ gíga Texas, láìsí ẹni tó yà, sọ pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà náwó ilé ìwé lòdì sófin. Àdúgbò kan náà, ẹ̀dùn ọkàn kan náà, ilẹ̀kùn kan tì mọ́ wọn, òmíì ṣí. Àwọn adájọ́ tí aráàlú dìbò yàn ló ṣí i, torí náà bí mi ò tiẹ̀ fara mọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yàn wọ́n, mi ò lè sọ pé wọn ò wúlò.

Alàgbà_Atlanta:

Ẹ kú àlàyé, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ìyá yìí lọ dáhùn pé ìpínlẹ̀ àti àpapọ̀ dọ́gba o, wọ́n á fún un ní òdo. Abala kẹfà kọnsitítúṣọ̀n sọ ọ́ kedere, òfin àpapọ̀ ló ga jùlọ nílẹ̀ yìí. Ní 1819 Maryland fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ báńkì ìjọba àpapọ̀, John Marshall, olórí adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jùlọ, ní ó tì o. Ní 1957 gómìnà Arkansas, Orval Faubus, kó sójà ìpínlẹ̀ síwájú ilé ìwé ní Little Rock kí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú mẹ́sàn-án má lè wọlé, Ààrẹ Eisenhower gba àwọn sójà yẹn kúrò lábẹ́ ẹ̀, ó sì fi àwọn ológun tiẹ̀ kún un, àwọn ọmọ náà sì wọlé. Àwa tí awọ̀ wa dúdú nílẹ̀ yìí, a ò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ agbára ìpínlẹ̀ yẹn ṣeré, a mọ ohun tí wọ́n fi ṣe.

Atúmọ̀_Kóòtù:

Òótọ́ lẹ sọ bàbá, mo sì dúpẹ́ pé ẹ mẹ́nu ba Little Rock, ó yẹ kí n ti sọ ọ́. Tí òfin àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ bá forí gbárí, ti àpapọ̀ ló borí, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Ibi tí mo dúró sí ni pé òfin àpapọ̀ ga, àmọ́ ìyẹn ò sọ gómìnà di ìránṣẹ́ ààrẹ. Ní 1997, nínú ẹjọ́ Printz, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ti pàṣẹ pé kí àwọn ṣẹ́rífù, ìyẹn olórí ọlọ́pàá káńtì, máa yẹ ìtàn àwọn tó fẹ́ ra ìbọn wò, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní wọn ò lè pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ pé kó wá máa bá àwọn ṣiṣẹ́. Tí Washington bá fẹ́ kí ìpínlẹ̀ ṣe nǹkan, owó ló máa ń fi fà á. Bí ọjọ́ orí ọtí mímu ṣe di 21 káàkiri nìyẹn, òfin 1984 ní ìpínlẹ̀ tí ò bá gbà, wọ́n máa yọ nínú owó títì rẹ̀, South Dakota gbé e lọ kóòtù, wọ́n pàdánù ní 1987, torí ó ṣì lè kọ owó náà tó bá fẹ́.

Alàgbà_Atlanta:

Ìyẹn yé mi. Ẹ jẹ́ n fi ti aforíjì kún un nígbà náà, torí àwọn èèyàn máa ń wá bá mi nílé ìjọsìn pé ká kọ̀wé sí ààrẹ fún ọmọ wọn tó wà lẹ́wọ̀n. Ààrẹ ò lè dárí ji ẹni tó ṣẹ̀ sófin ìpínlẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ sí òfin àpapọ̀ nìkan ni. Àwọn èèyàn á tún ní ká kọ̀wé sí gómìnà nígbà náà. Ní Georgia tiwa gómìnà náà ò lè ṣe é, ìgbìmọ̀ kan tó dá dúró ló wà fún un láti 1943. Ní Texas, gómìnà lè ṣe é tí ìgbìmọ̀ tiwọn bá kọ́kọ́ dá a lábàá. Mo ti rí ìdílé tó fi ọdún méjì kọ lẹ́tà síbi tí kò yẹ. Kí ẹ tó kọ̀wé ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ kóòtù lórí ìwé ìdájọ́, tó bá jẹ́ United States ló pe ẹjọ́, ti ààrẹ nìyẹn, tó bá jẹ́ State of Georgia, ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ.

Ìyá Tómi:

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, mo mọ ẹni tí mo máa fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí lónìí. Ẹ̀gbọ́n atúmọ̀, ti Edgewood yẹn, ọmọ mi ni mo kà á fún, ó ní wọn ò tíì kọ́ àwọn níléèwé. Mo ti mọ èyí tí mo máa sọ tí wọ́n bá ní kí n dárúkọ agbára ìpínlẹ̀ kan. Láísẹ́ńsì awakọ̀ ni mo tẹ́lẹ̀, ètò ilé ìwé ni mo máa sọ báyìí. Ó kù kan, wọ́n lè bi mí ní orúkọ gómìnà àti sẹ́nétọ̀ mi, ṣé èyí tó wà nínú ìwé tí mo rà ni kí n há sórí?

Ọmọ_Omaha:

Rárá mà, ìwé yẹn lè ti pẹ́. Ẹni tó bá wà nípò lọ́jọ́ ìntáfíù ni wọ́n máa gbà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú, kí ẹ sì rántí pé sẹ́nétọ̀ Washington ni wọ́n ń bèèrè, kì í ṣe ti Austin.

Ìyá Tómi:

Ó ti wà nínú ìwé mi. Tí wọ́n bá ti pè mí, máa padà wá sọ fún yín.